ẸNI TÍ Ó TÚ U LÓ MỌ INÚ RẸ̀: Ọ̀rọ̀ lórí àtúnṣe ohun tí ó ti gbó

   

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lórí ìwé yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Òun ni pé: bí ènìyàn bá ń tún ohun tí ó ti gbó ṣe, tí ó rí ohun tí ó bàjẹ́ ní inú rẹ̀, tí ojú ẹni tí yóò rà á kò lè dé ibẹ̀, ǹjẹ́ ó di dandan kí ó sọ ọ́? Àbí ẹni tí ń rajà ni kí ó la ojú rẹ̀? Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ti ní ìdáhùn lẹ́nu. Èmi náà ní i lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ ilé kéwú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́nu mi àti ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi kò dọ́gba. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni ó fi èyí hàn mí, ìtàn rẹ̀ sì ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìsọ̀ mi mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ológeere àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ni mo ń tà láti òwúrọ̀, kí n tó padà sílé lẹ́yìn ìrun Alásárì láti kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ní ayé àwọn bàbá wa, kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ ni Raleigh gíga onírin. Fóòkù tí ó di táyà iwájú rẹ̀ mú, irin gbọnrangandan ni. Kò ní sípírìn, kò sì ní rọ́bà. Bí ó bá wọ́, ojú rẹ rí i pé ó wọ́. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn tọ́kunbọ̀ tí ń ti òkè òkun wọlé ni a ti ń rí irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní mountain bike, tí àwa ní ìsọ̀ ń pè ní kẹ̀kẹ́ olókè. Táyà rẹ̀ nípọn, jíà rẹ̀ pọ̀, ìlú olókùúta bíi tiwa sì bá a lára mu. Èyí tí ó wu àwọn ọmọ wa jù nínú wọn ni èyí tí iwájú rẹ̀ ń mì, tí ó ń rì sílẹ̀ tí ó sì ń dìde bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ yìí ti wá, nítorí inú àtúnṣe ohun àtijọ́ gan-an ni wọ́n ti bí i. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè Marin, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń ṣa àwọn kẹ̀kẹ́ àlòkù onítáyà ńlá jọ, àwọn mìíràn nínú wọn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ń tún wọn ṣe, wọ́n sì ń fi wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ní ọdún 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Repack. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a tún un kó. Ìdí orúkọ náà ni pé inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ náà wà. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ òkè, ó ti gbóná dé ibi pé gíríìsì inú rẹ̀ ti jó di èéfín, àfi kí wọ́n tú u, kí wọ́n kó gíríìsì tuntun sí i. Ní ọdún 1977, ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ férémù tuntun tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ yìí nìkan. Ní ọdún 1989, Paul Turner, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ rí nídìí alùpùpù ìdíje, wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ RockShox sílẹ̀ láti máa ṣe fóòkù tí ń mì fún kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1990 ni àjọ kẹ̀kẹ́ àgbáyé kọ́kọ́ ṣe ìdíje àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ olókè ní ìlú Durango, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Irú fóòkù yìí ni ó wà níwájú kẹ̀kẹ́ Greg Herbold tí ó gba ipò kìíní nínú eré sísọ̀kalẹ̀ òkè. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ tí iwájú rẹ̀ ń mì ti gba ọkàn àwọn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ inú rẹ̀ kò ní mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ń sọ. Páìpù méjì ni ó wà lókè, wọ́n ń wọ inú páìpù méjì tí ó wà nísàlẹ̀, bí ọ̀bẹ ti ń wọ inú àkọ̀. Ohun kan wà nínú wọn tí ń ti páìpù òkè padà sókè lẹ́yìn tí ó bá ti rì. Nínú àwọn kan, afẹ́fẹ́ àti ọ́ílì ni. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1990, rọ́bà kéékèèké ni, tí wọ́n tò lé ara wọn lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹran orí igi súyà. Àwọn aṣekẹ̀kẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò wúwo, kò wọ́n, kò sì ní afẹ́fẹ́ tí yóò jò. Láàrin páìpù òkè àti ti ìsàlẹ̀, búùṣì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbo ara wọn. Ní ẹnu páìpù ìsàlẹ̀, síìlì wà tí kì í jẹ́ kí eruku wọlé. Gbogbo ìrìn fóòkù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ.

Ohun mẹ́ta ni ó ń gbó níbẹ̀, ó sì ṣòro kí ojú ẹni tí ó dúró ní òde tó rí wọn. Èkíní ni rọ́bà náà. Kì í ṣe rọ́bà igi. Oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní polyurethane ni, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìbáà ṣe pé à ń gùn ún, ìbáà ṣe pé a tì í mọ́ yàrá. Bí òtútù bá mú, ó máa ń le. Ẹni tí ó bá gùn ún ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ní ìlú yìí yóò mọ ohun tí mo wí. Lẹ́yìn ogún ọdún, òmíràn á yọ́ di bí ọ̀dà, òmíràn á gbẹ, á sì máa rún bí àkàrà àná. Èkejì ni búùṣì. Bí ó bá ti jẹ, páìpù á máa mì nínú páìpù. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé kí a tẹ bíréèkì iwájú, kí a máa ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn, kí a sì fi ìka lé ibi tí páìpù méjèèjì ti pàdé. Bí ó bá ń kan ìka, búùṣì ni. Bí ìka kò bá gbọ́ nǹkan níbẹ̀, tí ó sì ń kan lókè nídìí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, bẹ́árìn orí ni. Ẹ̀kẹta ni ara páìpù fúnra rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì fi àwọ̀ líle kan bo ojú rẹ̀. Bí eruku bá ti họ àwọ̀ náà kúrò, páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búùṣì bí ayùn. Irin sábà máa ń tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù lè sán bí irun orí láìtẹ̀ rárá, kí ó sì já lọ́jọ́ kan.

Àtúnṣe tí ó tọ́ kò fara sin. A ó tú u, a ó fọ ọ̀dà àti eruku inú rẹ̀ dànù, a ó wọn gígùn àti ìnípọn rọ́bà àtijọ́, a ó fi èyí tí ó bá a dọ́gba sí i tàbí sípírìn tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀, a ó pààrọ̀ búùṣì àti síìlì, a ó sì fi gíríìsì tí kì í ba rọ́bà jẹ́ kùn ún. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe fóòkù wọ̀nyí ti dẹ́kun ṣíṣe ẹ̀yà rẹ̀ tipẹ́. Àwọn kéréje ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ṣì ń ṣe rọ́bà àti sípírìn fún àwọn tí ó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Kí irú rẹ̀ tó dé ọwọ́ wa níbí, owó rẹ̀ lè ju iye tí a ó ta odindi kẹ̀kẹ́ náà lọ. Ibí yìí ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2014, mo ra kẹ̀kẹ́ olókè kan mọ́ àwọn tọ́kunbọ̀ mìíràn. Férémù rẹ̀ dára, àwọ̀ rẹ̀ sì fani mọ́ra, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ kò mì. A tú fóòkù náà. Rọ́bà apá òsì ti yọ́ di ọ̀dà, ti apá ọ̀tún sì ti le bí egungun. Búùṣì méjèèjì ti jẹ. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, gé táyà ọkọ̀ àkẹ́rù àlòkù sí wẹ́wẹ́, ó tò ó gẹ́gẹ́ bí gíga ti àtijọ́, ó kó gíríìsì púpọ̀ sí i kí ariwo búùṣì lè rọlẹ̀, ó sì dé e. A fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó mì. A kùn ún, ó ń dán. Mo wò ó, mo sì rẹ́rìn-ín, mo ní iṣẹ́ ti parí.

Ẹni tí ó wá rà á, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ń ké Alùkùránì lọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà kò ju ọdún méjìlá lọ. Bàbá rẹ̀ tẹ iwájú kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wojú mi, ó ní, "Áfáà, ṣé kò ní wàhálà?" Mo ní, "Alájì, kò ní wàhálà kankan. Ọkàn yín balẹ̀." Ó sanwó, ó dúpẹ́, ó sì gbàdúrà fún mi.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí táyà inú fóòkù náà fi tẹ̀ tí kò sì dìde mọ́. Rọ́bà táyà kì í ṣe ẹgbẹ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún mímì. Bí ó bá ti fún, fífún náà ni ó máa ń wà. Iwájú kẹ̀kẹ́ rì sílẹ̀, gíríìsì tí ó bo ariwo búùṣì mọ́lẹ̀ sì ti jáde. Ọmọ náà ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nígbà tí ó ń bọ̀ láti ilé ìwé, ó tẹ bíréèkì, iwájú gbọ̀n, táyà yà, ó sì ré kọjá lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́, eyín iwájú rẹ̀ méjì sì ká. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún di wàláà mú. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń gbé e wá síwájú mi.

Ẹ̀yin ará mi, bàbá rẹ̀ kò bínú sí mi. Ó wá sọ fún mi, ó ní ohun tí Ọlọ́hun kọ ni. Èmi tí mo mọ ohun tí ó wà nínú fóòkù náà, mo gbọ́ gbólóhùn yìí, mo mi orí, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni, kádàrá ni. Mo fi kádàrá bo iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti fi gíríìsì bo búùṣì. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lórí kẹ̀kẹ́ yìí, èyí ni ojú ń tì mí fún jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a dé Súrátùl-Mùtáfífínà, mo sì ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ nípa ẹni tí ń dín òṣùwọ̀n kù fún ẹlòmíràn. Ọmọ náà na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ó ṣí, wẹ́wẹ́ rọ́bà dúdú kan sì wà níbẹ̀ tí òwú táyà ṣì ń yọ létí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ti tú fóòkù náà. Ó ní, "Áfáà, ṣé ẹ mọ̀ pé èyí ni ó wà níbẹ̀?" Kò bú mi. Ìbéèrè ni ó béèrè, bí ọmọ ilé kéwú ti ń béèrè ohun tí kò yé e. Mo sọ fún un pé mo mọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì mo lọ bá bàbá rẹ̀, mo sì kó owó rẹ̀ dání pẹ̀lú owó ìtọ́jú. Mo sọ ohun gbogbo. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Áfáà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ dá padà. Ọjọ́ tí mo béèrè lọ́wọ́ yín, ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́." Èmi kò ní ìdáhùn, nítorí ọjọ́ náà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro àwọn àwíjàre tí àwa ọlọ́jà máa ń wí, mo sì fẹ́ kí a wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Èkíní: àwọn kan á ní, "Tọ́kunbọ̀ ni. Gbogbo ayé mọ̀ pé àlòkù ni. Ẹni tí ó rà á ti mọ̀ pé kì í ṣe tuntun." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mímọ̀ pé nǹkan ti gbó kì í ṣe mímọ ohun tí ó gbó nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra iṣu lọ́jà mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn lè rà nínú. Bí ó bá gé e nílé tí ó bá a bẹ́ẹ̀, ó lè fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé èmi tí mo tà á ti gé e wò, tí mo rí i pé ó ti rà, tí mo wá fi eérú kun ojú rẹ̀ kí ó lè dà bí iṣu tí a gé lásán, ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni? Kí n tó tú fóòkù, èmi àti oníbàárà dọ́gba nínú àìmọ̀. Ìgbà tí mo tú u, a kò dọ́gba mọ́. Ohun tí ojú mi rí ti di àmánà tí ó wà lọ́wọ́ mi, ẹni tí yóò gun kẹ̀kẹ́ náà ni ó sì ni ín.

Èkejì: àwọn àgbà wa ti wí i pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín: òwe yìí ń ṣẹ. Àwọn oníbàárà wà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo wí, tí wọ́n sọdá sí òdìkejì títì, tí wọ́n sì ra èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Owó rọ́bà tí n kò rà ní ọdún 2014 kò parẹ́. Mo kàn gbé e kúrò lápò mi ni, ọmọ ọdún méjìlá kan sì fi ọrùn ọwọ́ àti eyín san án. Bí a bá bo àbùkù, gbèsè náà kò tán. Ẹlòmíràn ni yóò san án, ẹni náà kò sì mọ̀ pé òun jẹ gbèsè.

Ẹ̀kẹta: kádàrá. Kò sí ẹni tí ó gba Ọlọ́hun gbọ́ tí yóò jiyàn kádàrá. Ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ̀ mi àti agbára mi bá pin sí ni ó yẹ kí ẹnu mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lárọwọ́tó. Ẹni tí ìjàǹbá ṣe lè fi kádàrá tu ara rẹ̀ nínú, ọ̀rọ̀ ìfaradà ni lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́nu ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé táyà sínú fóòkù, ọ̀rọ̀ ìsápamọ́ ni.

Ẹ̀kẹrin ni ó le jù: àwọn kan á ní, "Ṣé kí a máa kó ohun gbogbo dànù ni? Tálákà kò lè ra tuntun. Ọgbọ́n àtúnṣe ni a fi ń gbé ilé ayé." Mo gbà pátápátá. Gígé táyà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gbígbó kì í ṣe ìtìjú. Èmi tí ń kọ ìwé yìí, orúnkún mi ti ń dún bí mo bá fẹ́ dìde lórí ẹní. A ti gbọ́ ìtàn Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tí ó kọjá lọ́jà, tí ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan, tí ó bá omi nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ni ín ní òjò ni ó pa á. Kíyè sí i pé Ànábì kò bá a wí nítorí pé òjò pa oúnjẹ rẹ̀. Ohun tí ó béèrè ni ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kò sí nínú omi, ibi tí ó fi omi sí ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Nítorí náà ni àwọn ìwé tí a kà ní ilé kéwú fi fún ẹni tí ó bá àbùkù tí a kò fi hàn án nínú ọjà ní àǹfààní láti dá a padà, kí ó sì gba owó rẹ̀.

Ó tún ku ìbéèrè kan tí ọ̀dọ́ ọlọ́jà kan bi mí. Ó ní, "Áfáà, bí ó bá jẹ́ pé n kò tú u ńkọ́? Bí n kò bá tú u, n kò mọ nǹkan kan, mo sì lè búra pé n kò mọ̀." Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sá sínú ihò yìí. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kẹ̀kẹ́ lè wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé rọ́bà tí ó ti lé ní ogún ọdún kò lè wà láàyè, tí ó mọ ibi tí a ń fi ìka sí kí a fi mọ̀, tí ó wá ká ìka rẹ̀ kò kí ó má bàa mọ̀, ó ti mọ̀. Ohun tí ó sán sínú irin tí ojú kò lè rí, tí a wò ó tí a kò rí i, Ọlọ́hun á dárí rẹ̀ jì wá. Ohun tí a kọ̀ láti wò ni a ó jíhìn fún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹni tí ó sì mọ iṣẹ́ ni àgbà nídìí iṣẹ́ náà, ìbáà kéré lọ́jọ́ orí.

Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí nìyí, bóyá yóò wúlò fún ẹni tí ń tún rédíò ṣe, tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí ọkọ̀. Èkíní, bí mo bá tú fóòkù àtijọ́, mo máa ń da rọ́bà inú rẹ̀ sínú abọ́, mo sì ń gbé abọ́ náà síwájú ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ojú ara rẹ̀ ni yóò fi rí i. Èkejì, bí mo bá fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ sórí ìwé pélébé: èyí ni mo pààrọ̀, èyí ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀, èyí ni ó kù tí n kò lè ṣe, má fi sáré sọ̀kalẹ̀ òkè. Ẹ̀kẹta, bí búùṣì bá ti jẹ kọjá àtúnṣe, tàbí tí mo bá rí ibi tí ó sán, mo máa ń yọ fóòkù náà kúrò, mo sì ń fi fóòkù irin lásán sí i, èyí tí kì í mì, tí gíga rẹ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba kí orí kẹ̀kẹ́ má bàa rì. Kì í wu ojú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n irin gbọnrangandan tí kò ṣe ìlérí ohun tí kò lè mú ṣẹ sàn ju sípírìn tí ń parọ́ lọ. Fóòkù tí mo yọ, mo máa ń fi ayùn gé e sí méjì kí n tó fún àwọn bàban-bóla tí ń ra irin àlòkù, kí ẹlòmíràn má bàa kùn ún kí ó tún padà sọ́jà.

Ọjà mi kò pọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. N kò ní sọ fún yín pé òtítọ́ ti sọ mí di olówó, nítorí àwọn tí ń wí bẹ́ẹ̀ ń tún òtítọ́ tà bí ẹni ń ta ọjà ni. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá béèrè bí kò bá ní wàhálà, mo lè wo ojú rẹ̀ kí n tó dá a lóhùn. Àwa tí a ń gbé ní ìlú tí a kò bí àwọn bàbá wa sí mọ iye tí èyí tó. Ilẹ̀ lè má jẹ́ tiwa, ìsọ̀ lè jẹ́ ti onílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wa, tiwa ni.

Ọmọ náà ti di géńdé báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ti san, ó sì ti parí Alùkùránì. Eyín méjì náà kò hù mọ́. Nígbàkígbà tí ó bá wá kí mi, tí ó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rí àlàfo náà, mo sì máa ń rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa àti ohun tí ó wà lẹ́nu wa dọ́gba. Kí Ó fún wa ní ìgboyà láti gbé èyí tí ó tutù sókè òkìtì. Kí Ó má jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn san gbèsè tí àwa jẹ. Kí Ó sì fi hàláálì bùkún ìsọ̀ wa. Àmín, yá Ọlọ́hun.